Lẹ́yìn Aṣọ Akọrin

Ìlẹ̀kùn ń dún gbà gbà gbà. Ìyá àgbà tó ń lọ aṣọ akọrin nínú yàrá ṣọ́ọ̀ṣì sáré fa àwọn aṣọ tó kọ́ sórí okùn, ó fi wọ́n bo fóòmù tí ìjọ tẹ́ fún obìnrin tó sá wọlé wá lánàá. Ó wo ojú rẹ̀ tó wú, ó fi ìka lé ètè fún un, ó sì ṣílẹ̀kùn díẹ̀.

"Màmá, wọ́n ní ìyàwó mi wà níbí," ni ọkùnrin tó ń kànlẹ̀kùn wí.

"Aṣọ ló wà níbí. Àbí o fẹ́ bá mi lọ̀ ọ́ ni?"

"Iṣẹ́ èṣù ni. Mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́."

"Lọ sọ ọ́ fún àwọn alàgbà ìjọ."

Ìyá náà ń gbóòórùn aṣọ tó ń jóná lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó pẹ̀yìn dà. "Ẹ tètè wálé o. Mo ti ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ó wà lórí tábìlì."

Ìyá náà ti ìlẹ̀kùn, ó yọ áyọ́ọ̀nù, ó bọ́ bàtà, ó sì jókòó sórí fóòmù.

"Sún mọ́ ògiri, ìyàwó mi," ó ní. "Oògùn tí ọmọ mi rà yẹn ò lè gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ."