Àga Pankẹ́rẹ́ Tíṣà

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Òótọ́ pọ́nńbélé ni mo bá wá.

Ahunpankẹ́rẹ́ kan n'Ísàlẹ̀ Gángan ń hun àga pankẹ́rẹ́, ó ń payín keke. Tíṣà tó fi pankẹ́rẹ́ bó o nídìí ní kékeré ló ní kó hun ún, àmọ́ bàbá tíṣà ọ̀hún ò dá a mọ̀ mọ́. Ni ahunpankẹ́rẹ́ bá dọ́gbọ́n ki ẹ̀gún bọ ibi ìjókòó.

"Lónìí, ìdí tiẹ̀ náà á gbóná!"

Tíṣà dé. Ahunpankẹ́rẹ́ ní, "Ẹ jókòó, bàbá."

"Rárá o, ọ̀gá. Ẹlẹ́mu ló ń kọ́kọ́ mu ẹmu ẹ̀. Ẹ jókòó kí n rí i."

Àwọn oníbàárà yòókù ń wo ahunpankẹ́rẹ́, kò lè kọ̀. Ló bá jókòó.

"Yéè! Sà, mo gbé!"

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. "Mo mọ igbe yìí! Áà, ìwọ alágídí kíláàsì fáìfù!"

Ta ló nà yín rí? Ẹ kọ tiyín ránṣẹ́ sí mi o.