Ìrìnàjò Onígbàjámọ̀

Onígbàjámọ̀ náà fi aṣọ ìnujú bo ẹnu rẹ̀ tó ti wọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù.

"Bí ẹnìkan bá dá mi mọ̀ ńkọ́?"

"Ta ni, bàbá wọn?" ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ẹ rìnrìnàjò. Ẹ gbé ẹsẹ̀."

Nínú yàrá, ọkùnrin kan kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń di irin mú kọ́ ìrìn. Onígbàjámọ̀ kì í ṣi orí tó bá ti fá mọ̀. Ti télọ̀ ni, ẹni tí wọ́n ní ó wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ lókè òkun.

Télọ̀ yíjú. Ojú ti àwọn méjèèjì.

"Wọ́n ní o rìnrìnàjò," ni télọ̀ wí.

"Ìwọ náà ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ mọ ara yín ni?"

Onígbàjámọ̀ wolẹ̀. "Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá mi àti tirẹ̀."