Ẹni Tí Wọ́n Rán sí Abẹ́rẹ́

Ọ̀sán ni wọ́n ní àlejò yóò dé, ṣùgbọ́n Abẹ́rẹ́ ti gbá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tún un gbá, kí oòrùn tó gòkè. Télọ̀ ni. Bó ṣe rí tẹ́ẹ́rẹ́ ló jẹ́ kí àdúgbò máa pè é bẹ́ẹ̀, òun náà sì ń dáhùn.

Ẹgbẹ́ kan tó ń wá àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kí nǹkan yí padà ló ní kó wá du ipò káńsílọ̀. Wọ́n ti gbọ́ bó ṣe kó àwọn ìyá ọmọ jọ, tí wọ́n fi ṣọ́bìrì kó gọ́tà iwájú ilé ìwé tí káńsù ti pa tì. Ẹgbẹ́ yìí ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mú ẹni tó fẹ́ dupò láyà le. Wọn a rán ẹni tí o kò rí rí sí ọ. Yóò wọlé bí ọ̀tá, yóò bú ọ, yóò halẹ̀ mọ́ ọ, kò sì ní bá ọ rẹ́rìn-ín títí yóò fi jáde. Wọ́n ní ohun tó bá ti mọ́ ènìyàn lára nínú ilé kì í bá a lójijì níta.

Obìnrin ni wọ́n kọ́kọ́ rán wá. Abẹ́rẹ́ sunkún débi pé obìnrin náà gbàgbé ọ̀tá tó ń ṣe, ó ń bá a nu ojú. Nígbà tó lọ tán, Abẹ́rẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀ àgbà pé bí omi bá tún fi lè bọ́ lójú òun níwájú ẹni tí wọ́n bá tún rán wá, òun yóò yọ orúkọ òun, kí wọ́n wá ẹlòmíràn.

"Ẹlòmíràn wo?" ni ìyá àgbà wí. Bọ́tìnnì ló ń gán mọ́ ẹ̀wù. "Àwọn tó gbọ́n ti sá. Ìwọ ló kù."

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n lọ́jọ́ tí àlejò kejì yóò dé, ọkọ̀ kan dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin kan tó sígbọnlẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó wọlé, kò kan ilẹ̀kùn, kò kí àgbàlagbà. Àwọn méjì tó bá a wá kò sọ̀ kalẹ̀, wọn ò sì pa ẹ́ńjìnnì.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ni Abẹ́rẹ́ wí. "A ti ń retí yín."

Ọkùnrin náà wò ó. "Ẹ ń retí mi?"

"Láti àárọ̀."

Ìyá àgbà gbé omi fún un, kò gbà á. Ó fa àga àwọn oníbàárà, ó jókòó.

"Ọ̀gá ní kí n bá ọ sọ̀rọ̀ bí ọmọ," ló wí. "Káńsílọ̀ ti wà lórí àga. Kí lo ń wá níbẹ̀?"

"Àga náà ni, sà. Wọ́n ti jókòó lórí ẹ̀ pẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n dìde na ẹsẹ̀."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín sínú ẹ̀wù. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

"Onílé ṣọ́ọ̀bù yìí, ẹ̀yìn ilé ìlọta ló ń gbé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ ni. Bí mo bá ní kó lé ọ jáde, á lé ọ."

Wọ́n mà fara balẹ̀ múra iṣẹ́ yìí, ni Abẹ́rẹ́ rò.

"Ṣé ẹ bá a nílé? Ẹ bá mi sọ fún un pé òrùlé ń jò."

Ọkùnrin náà dìde. Ó rọra yí wíìlì ẹ̀rọ ìránṣọ, ó fọwọ́ pa àwọn aṣọ tó wà ní pẹpẹ. "Aṣọ pọ̀ níbí. Aṣọ kì í pẹ́ gbiná."

Ìyá àgbà dáwọ́ dúró. Omi ti dé ojú Abẹ́rẹ́. Ó gbójú sókè kó má bọ́, ó sì rán ara rẹ̀ létí pé eré ni, pé bó ti wù kó pẹ́ tó, ọkùnrin yìí yóò lọ jẹun nílé ẹ̀.

"Ẹ sun ún," ló wí. "Màá gbé tábìlì síta, ojú títì ni màá ti máa rán aṣọ. Ẹni tó bá kọjá á bi mí pé kí ló dé. Màá sì máa dárúkọ yín fún wọn, tìyín àti ti ọ̀gá yín, títí ọjọ́ ìbò."

Ọkùnrin náà sún mọ́ ọn. "Ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mo mọ̀ yín dáadáa, sà."

Wọ́n wo ara wọn. Ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ gbójú kúrò. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

"Ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ó máa ń bà mí tẹ́lẹ̀. Ẹ ti wò mí sàn. Ẹ ṣeun, sà. Ẹ bá mi kí gbogbo wọn níbẹ̀."

Ọkùnrin náà wọ ọkọ̀, wọ́n lọ.

"Ẹni yìí mọṣẹ́," ni ìyá àgbà wí. "Ti obìnrin ọjọ́sí, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀."

Abẹ́rẹ́ padà sídìí ẹ̀rọ. Ó ki okùn bọ ojú abẹ́rẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. "Màmá, màá dù ú," ló wí. "Ẹni yòówù kí wọ́n rán wá."

Ó rán aṣọ títí oòrùn fi rọlẹ̀, kí fóònù rẹ̀ tó dún, tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú tí wọ́n jẹ́ kó retí lásán, pé ẹni tí àwọn fẹ́ rán sí i ti dùbúlẹ̀ àìsàn láti àná, àwọn ò sì rí ẹnikẹ́ni rán dípò rẹ̀.