Ìmọ́lẹ̀ Tí Ìyálé Jí Gbé

"Sún sẹ́yìn, ìyàwó, jẹ́ kí n tún un wò!" Ìyálé fi ìdí ti orogún rẹ̀ kúrò lórí àga tó wà nídìí maikirosíkóòpù.

Ọmọ-ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ló gba ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì, tó fi tọ́ sẹ́ẹ̀lì dàgbà nínú àwo kéékèèké. Ó ti pa àwọn sẹ́ẹ̀lì náà láró kí agbára inú wọn lè máa tàn, kí ẹ̀rọ sì wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ti Ìyálé ń ṣẹ́jú bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán lọ. Ti ìyàwó ń tàn yòò.

Ìyálé jowú. Ọkọ wọn fẹ́ràn ìyàwó jù ú lọ títí ọkùnrin náà fi kú. Ìdí ìyàwó ṣì yọ, ti Ìyálé ti pẹlẹbẹ bí ìrọ̀rí àlejò. Ṣé nínú ẹ̀jẹ̀ náà ni yóò tún ti borí òun?

Bí ọmọ-ọmọ ṣe yíjú láti dá fóònù lóhùn, Ìyálé pààrọ̀ àyè àwo méjèèjì, torí kò sí orúkọ lára wọn.

Ọmọ-ọmọ padà wo àwọn àwo náà. "Ẹ rán mi létí, ta ló ni èyí tó ń tàn yìí?"

"Èmi ni o!" Ìyálé lu àyà. "Ogbó ò tíì rí mi gbé ṣe!"

"Hà, Màmá Àgbà, ẹ pẹ̀lẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ egungun ni. Bó bá ṣe ń tàn tó ló ṣe ń jẹun tó. Lónìí gan-an lẹ ó bẹ̀rẹ̀ oògùn."

"Yéè! Dá a padà, mo pààrọ̀ ẹ̀ ni!"

Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú. "Ìyálé mi, mo kúkú rí yín!"

Ẹ̀rín náà tán, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò ní egungun ìbàdí tó ń dùn ún.

Ìyálé rọra dìde lórí àga.

"Jókòó, ìyàwó mi."