Ta Ni Olórí Ẹbu Ògúntádé?

Àwọn tó wà ní abúlé Ko-Koumolou lọ́jọ́ ìpàdé ìdílé nìyí: Victorin, àkọ́bí olóògbé Ògúntádé, tó wọ kóòtù wá láti Kútọnu kí àwọn ọ̀pẹ lè mọ ẹni tó dé, Rafiou àbúrò rẹ̀, tó máa ń gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, Samiratou ọmọ Victorin, tó ti ń darí oko ọ̀pẹ àti ẹbu epo láti ìgbà tí ẹsẹ̀ bàbá àgbà ti kọṣẹ́, àti Rùkáyátù opó olóògbé, tó jókòó sórí ẹní, tó ń ṣa ẹkùrọ́, tí ẹnikẹ́ni kò kà mọ́ ìpàdé.

Victorin kò mọ bí wọ́n ṣe ń fún epo, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó yẹ kó jẹ́ olórí.

“Ẹbu ìdílé gbọ́dọ̀ ní directeur,” ó wí. “Onílẹ̀ ló ń pàṣẹ. Obìnrin kì í sì í jogún ilẹ̀. Voilà.”

“Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n,” Rafiou dáhùn.

“Papa, ẹyìn tí wọ́n kó wá láàárọ̀ yìí ńkọ́? Ta ni yóò sè é?” Samiratou bèèrè.

“Rafiou.”

Rafiou bojú wẹ̀yìn bóyá Rafiou mìíràn wà níbẹ̀. “Ẹ ò ṣe jẹ́ ká bi Ìyá?”

Victorin rẹ́rìn-ín. “Ìyá tí Bàbá ti kẹ́ bà jẹ́?”

Kò gbàgbé. Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ti fún epo àkọ́kọ́, bàbá rẹ̀ a gbé kẹ́ẹ̀gì kan síwájú ìyàwó rẹ̀, a sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Odidi ọkùnrin, ọmọ ìlú Banigbé! Àwọn ará abúlé gan-an, ìyá ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí kí wọ́n tó kí bàbá. Victorin, tó kàwé, ti pinnu tipẹ́ pé ìfẹ́ ló sọ bàbá òun di òmùgọ̀.

Ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀. “Mú kọ́kọ́rọ́ ẹbu wá, kí o lọ wá ọkọ. Ìyá, ẹ ṣàdúrà fún directeur tuntun.”

Samiratou bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn.

Rùkáyátù kò gbójú kúrò lára ẹkùrọ́: “Ilẹ̀ bàbá mi nìyí, èmi nìkan ló sì bí, Ògúntádé tọrọ oko lọ́wọ́ mi kó tó tọrọ mi fẹ́; Samiratou, fi kọ́kọ́rọ́ rẹ sọ́rùn padà, kí o sì kọ́ bàbá rẹ bí wọ́n ṣe ń tọrọ ilẹ̀.”