Ehoro Tẹ́ Aṣọ Bo Oko Ẹ̀fọ́

Àlọ́ tèmi bọ́ sí Ehoro lọ́rùn lónìí, ẹni tí ẹ̀yìn kì í dùn àfi lọ́jọ́ tí oko ríro bá délẹ̀.

Ó fọ́n irúgbìn tẹ̀tẹ̀ sóko, ó wá ra aṣọ dúdú tí wọ́n fi ń bo ilẹ̀ kí èpò má baà hù, ó tẹ́ ẹ bo gbogbo ebè. Ìyàwó rẹ̀ mú ọ̀bẹ wá.

"Baálé mi, ẹ jẹ́ ká dá a lu níbi tí ẹ̀fọ́ máa gbà yọjú."

Ehoro ní, "Tí ẹ̀fọ́ bá rí ihò, ṣé èpò fọ́jú ni?" Ó gba ọ̀bẹ, ó fi pa mọ́.

Òjò rọ̀, èpò kún oko gbogbo ẹranko. Ehoro jókòó sórí aṣọ rẹ̀, ó ń dárin, àwọn tó ń kọjá ń gbè é:

Oko ta ni èpò ò hù?
Oko Ehoro!
Oko ta ló ń dán gbinrin?
Oko Ehoro!

Nígbà tó yá, àwọn yòókù ń já ẹ̀fọ́ láàárín èpò. Ehoro jókòó ti oúnjẹ, ó ṣí ìkòkò ọbẹ̀, omi gbígbóná ló bá.

"Ẹ̀fọ́ dà?"

Ìyàwó rẹ̀ rọra bù ú sí àwo fún un.

"Ẹ wò ó dáadáa, baálé mi. Kò sí èpò kankan nínú ẹ̀."