Ọ̀já tí Ìyá Ìbídùn Hun

Ní ìlú Ìṣarà, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìbídùn. Òun ni mọ̀lẹ́bí máa ń rán lọ ṣèwádìí bí ọmọkùnrin ilé wọn bá fẹ́ gbéyàwó, nítorí ojú rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá nílẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí ìyàwó tí òun kì í fi "ṣùgbọ́n" sí ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èyí kúrú jù, tọ̀hún dúdú jù, ẹ̀kẹta kò kàwé. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá ń ṣa ẹ̀wà láṣàjù, yóò da èyí tó dára nù mọ́ òkúta.

Ìbídùn fúnra rẹ̀ kò tíì bímọ. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì, ọmọ sì ń wù ú débi pé bó bá gbọ́ ẹkún ìkókó nílé kejì, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún ti hun ọ̀já kan sílẹ̀ láti ọdún tí Ìbídùn lọ sílé ọkọ. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá yìí ń bẹ̀bẹ̀ fún.

"Ìbídùn, jẹ́ kí n fi ọ̀já yìí pọn ọmọ rẹ lẹ́ẹ̀kan péré kí n tó lọ."

Dókítà Ṣówándé ṣàlàyé fún òun àti ọkọ rẹ̀ pé ẹyin inú ara Ìbídùn ti gbó, ṣùgbọ́n ilé ọmọ rẹ̀ dára, obìnrin mìíràn sì lè fún un ní ẹyin, tí wọn yóò pò mọ́ àtọ̀ ọkọ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sínú rẹ̀. Ó kó ìwé obìnrin méjì jáde, kò dárúkọ wọn. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ó ti bímọ kan wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ̀rọ sì fi hàn pé ẹyin rẹ̀ pọ̀. Ó kúrú, ó dúdú, aṣọ ló ń rán. Ìkejì ga, ó pupa, ó kàwé gboyè, ṣùgbọ́n ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ẹyin rẹ̀ kò sì pọ̀ mọ́. Dókítà ní ẹyin a máa bá ẹni tó ni ín dàgbà, pé ọjọ́ orí àti ìlera ni kí wọ́n wò. Ìbídùn kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kò lè pọ̀n ọmọ kúkúrú kiri Ìṣarà kí àwọn tí òun ti bu ìyàwó wọn kù máa fi òun rẹ́rìn-ín. Ó mú ìkejì.

Ẹyin mẹ́ta péré ni wọ́n rí gbà. Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣeé gbé sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àyẹ̀wò ní kò sí oyún. Nígbà tó sáré padà wá béèrè aránṣọ, àwọn ẹlòmíràn ti mú un. Oṣù mẹ́wàá ló fi retí obìnrin mìíràn. Ní oṣù keje ìretí náà, ìyá rẹ̀ papò dà. Wọ́n bá ọ̀já náà ní kíká lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.

Ọjọ́ tí dókítà tún ránṣẹ́ pè é, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka bí obìnrin tuntun náà ṣe ga tó, Ìbídùn gbé ọwọ́ lé ìwé.

"Dókítà, ẹ má ka ìyẹn fún mi mọ́. Ṣé ọmọdé ni, ṣé ara rẹ̀ sì le?"

"Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ẹ̀gbọ́n mi, ara rẹ̀ sì le. Ṣùgbọ́n mi ò lè búra pé oyún yóò dúró."

Oyún náà dúró. Ìbídùn bí obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Yéwándé. Ọmọ náà kúrú, ó dúdú bí kóró iṣin, Ìbídùn kò sì fi "ṣùgbọ́n" kan sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ mú ọ̀já ìyá rẹ̀ jáde, ó gbá a mọ́ ọmọ lẹ́yìn, ó so ó, ó tú u, ó tún un so. Kò sí ẹni tí yóò bá a di etí ọ̀já náà mú. Ó ní, "Yéwándé, ẹnì kan wà tó yẹ kó ti kọ́kọ́ pọ̀n ọ́."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé: bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ń wá, ẹ má jẹ́ kí ohun tí ojú ń rí dá yín dúró, nítorí àwọn tó ń bá wa retí kì í wà pẹ̀lú wa títí. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.